Ìpadà Ni Mo Kọ́kọ́ Máa Ń Ṣírò

Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní Jọ́gíráfì nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wá bá mi nílé n'Íbàdàn lópin ọdún tó kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, kò tíì mu omi tí mo gbé fún un tán tó fi fa fóònù yọ. "Mo ti ṣètò ẹ̀ tán, mà," ló wí. Ó fi ìlà pupa kan hàn mí lórí máàpù, láti abúlé Gashaka títí dé ṣóńṣó Chappal Waddi. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló fẹ́ lọ. Ó ti ka kìlómítà, ó ti pín in sí ọjọ́ mẹ́ta fún àlọ, ọjọ́ méjì fún àbọ̀, ó sì ti mọ ibi tí wọ́n máa sùn lálaalẹ́. Iṣẹ́ tó ṣe wú mi lórí. Mo wo ìlà náà títí, mo wá gbé ìka lé ibi tó pè ní ibùdó kẹta, mo ní, "Bí ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú yín bá yẹ̀ níbí, wákàtí mélòó lẹ máa fi gbé e dé ibi tí mọ́tò lè dé?"

Kò dáhùn. Ọmọ tó gbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti bi í ní irú ẹ̀ rí.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kó èèyàn lọ sí àwọn òkè wọ̀nyẹn, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, tàbí márùn-ún, n kò jẹ́ kó kọjá mẹ́fà rí. Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń ṣètò ìrìn. Ibi tí mo bá ti rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn ni mo ń pàgọ́ sí. Ibi tí n kò bá ti rí i, bó ti wù kó lẹ́wà tó, ojú ọ̀sán la máa gbà á kọjá.

Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì débẹ̀, igbó ọba Gashaka-Gumti wà lápá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, níbi tí Ìpínlẹ̀ Taraba àti Ìpínlẹ̀ Adamawa ti bá Kamẹrúùnù pààlà. Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ pa igbó méjì tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ẹranko tẹ́lẹ̀, Gashaka àti Gumti, pọ̀ di ẹyọ kan. Ó lé ní 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, tòun ti ọ̀sà rẹ̀, kò tó 4,000. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ fi nǹkan bí 450 mítà ga ju òkun lọ. Lókè pátápátá, Chappal Waddi, tí àwọn mìíràn ń pè ní Gangirwal, ga tó 2,419 mítà, kò sì sí òkè tó ga tó o ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè tó sì rò pé òun ti mọ òkè, kó fi sùúrù sí i.

Láàárín ìsàlẹ̀ yẹn àti ṣóńṣó, ilẹ̀ ń pààrọ̀ aṣọ ni: ọ̀dàn tí koríko rẹ̀ ga ju èèyàn lọ, igbó dúdú tó tẹ̀lé etí odò, igbó orí òkè tí kùrukùru máa ń bò, lẹ́yìn náà koríko kúkúrú níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láìsinmi. Omi ibẹ̀ ń ṣàn wọ odò Taraba, Taraba ń gbé e fún Benue, Benue ń gbé e fún Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja. Bí mo bá ki ẹsẹ̀ bọ odò kékeré kan lókè yẹn, mo máa ń rántí pé omi tó ń gba àárín ìka ẹsẹ̀ mi kọjá yóò gba ẹ̀bá ilẹ̀ àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí wọ́n ń sọ èdè mi, kó tó dé òkun.

Kẹ́hìndé ni mí. Edun ni ìyá mi ń pe èmi àti Táyé láti kékeré, bí ọ̀pọ̀ ìyá ìbejì ti ń ṣe, ṣùgbọ́n mo ti lé lógójì ọdún kí n tó fojú kan edun láàyè. Nítòsí Kwano ni, ní Gashaka-Gumti, nínú igbó etí odò, ní ìdájí. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó ṣíwájú mi gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa dúró. Wọ́n tó mẹ́fà lórí igi, ara wọn dúdú, irun funfun gígùn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ìborùn, ìparí ìrù wọn funfun. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò wá. Ọdún kẹta tí Táyé mi kú nìyẹn. Mo jókòó sórí ewé tútù, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀. Látìgbà náà ni mo ti ń padà lọ, látìgbà náà náà ni mo sì ti ń fara balẹ̀ yan ẹni tí mo máa mú lọ àti ọ̀nà tí a máa gbà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìlà pupa ọmọ yẹn. Ní 1892, ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith gbé ìṣírò kan kalẹ̀ tí àwọn tí ń gun òkè ṣì ń lò káàkiri ayé: wákàtí kan fún nǹkan bí kìlómítà márùn-ún, kí a tún fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 600 mítà tí a bá gùn. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ìṣírò náà ní kíláàsì. Ká ní ọ̀nà tòní jẹ́ kìlómítà 12, tí ibi tí a máa gùn sì jẹ́ 900 mítà. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún nìyẹn fún ọ̀nà, wákàtí kan àbọ̀ fún òkè. Kò pé wákàtí mẹ́rin. Lórí bébà tèmi, mẹ́jọ ni mo ń kọ. Ilẹ̀ àwọn ará Scotland ni Naismith ń rò, níbi tí òtútù ti ń lé ẹsẹ̀ síwájú. Ní Gashaka, bí aago mọ́kànlá bá ti lù, oòrùn máa ń bá èèyàn jà nísàlẹ̀ òkè. Koríko ń fa aṣọ. Odò kékeré mẹ́rin lójúmọ́ kan ni bíbọ́ bàtà mẹ́rin, wíwọ bàtà mẹ́rin, nítorí ìbọ̀sẹ̀ tútù lọ́sàn-án ni ìléròrò lálẹ́. Bí ẹ̀ṣọ́ igbó bá sì rí ẹsẹ̀ ẹfọ̀n tuntun lójú ọ̀nà, a ó dúró títí yóò fi dá a lójú pé ẹfọ̀n náà ti lọ. Kò sẹ́ni tó ń kánjú kọjá lára ẹfọ̀n.

Ní ti àsìkò, mi ò kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀ mọ́. Òjò ibẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú Oṣù Kẹrin, ó sì ń rọ̀ títí di ìparí Oṣù Kẹwàá tàbí kó wọ Oṣù Kọkànlá. Kété tí òjò bá dá, ojú ọ̀run mọ́ rekete, ṣùgbọ́n koríko ṣì ga, kò sẹ́ni tó ń rí ẹranko. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo gbogbo rẹ̀, èèyàn lè dúró lórí òkè tó ga jù ní Nàìjíríà kó má rí ju òkè kejì lọ. Nínú Oṣù Kejì, koríko ti jó, ọ̀nà ti là, ewé tuntun ń yọ nínú eérú, ẹranko ń jáde wá jẹ ẹ́. Oṣù Kejì ni mo fẹ́ràn. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ojú ọ̀run lè bá tirẹ̀ lọ nínú Oṣù Kọkànlá.

Ìrìn àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi ṣíwájú, ọ̀sẹ̀ kìíní nínú Oṣù Kẹrin ni mo mú un sí, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi. Òjò ò tíì rọ̀ ní Serti, ìlú tí a ti ń gbéra. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a wọlé, odò kan wà tí kò ju agbede ojúgun lọ, a fi ẹ̀rín là á kọjá. Nígbà tí a ń bọ̀, ní ọjọ́ kẹfà, odò kan náà ti ga dé àyà, ó pọ́n bí omi amọ̀, ó ń gbé ìtì igi lọ. Òjò ò kàn wá lára rárá ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Orí òkè ló ti rọ̀, ní ibi tí a ò rí. Òru méjì la sùn sí etí omi. Gàrí kọ́ọ̀bù méjì ló kù fún èèyàn mẹ́sàn-án. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó wà pẹ̀lú wa gún ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ létí omi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ó fi ọ̀bẹ sàmì sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, omi ti fi ìbú ọwọ́ kan sá kúrò lára àmì náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ká di ẹrù.

Láti ọdún yẹn, kò sí ìrìn tí mo ṣe tí àpò kan kì í bá mi lọ tí mo rán ẹnu rẹ̀ pa. Oúnjẹ ọjọ́ méjì fún gbogbo èèyàn ló wà nínú rẹ̀. "Oúnjẹ odò" ni mò ń pè é. Ẹni tó bá tú u láìjẹ́ pé odò dá wa dúró, mi ò ní í mú un lọ mọ́. Mo ti rìn lọ rìn bọ̀ ní ìgbà tó pọ̀ tí a fi gbé àpò náà délé láìtú u, àwọn kan sì ti bi mí pé kí ló dé tí a fi ń ru ohun tí a kò jẹ. Mo ní kí wọ́n má bínú.

Oúnjẹ gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú ètò yìí, bóyá nítorí pé ilé ìdáná la ti tọ́ mi dàgbà. Ọdún kejì ni mo ru ẹ̀wà olóyin gun òkè. Mo rò pé mo gbọ́n: ẹ̀wà ń fúnni lágbára, kò wúwo, kì í bàjẹ́. A gbé e kaná ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní ibùdó tó ga ju 2,000 mítà lọ. Ní aago mẹ́wàá ó ṣì ń dún lábẹ́ eyín bí òkúta. Èmi olùkọ́ Jọ́gíráfì ló yẹ kó ti mọ̀. Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́, tí omi sì ń tètè hó. Ó ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius kan fún gbogbo 300 mítà. Omi tó ń hó ní 100 létí òkun ń hó ní nǹkan bí 92 lórí Chappal Waddi. Ó ń hó lóòótọ́, kòkòrò àrùn inú rẹ̀ sì ń kú, ṣùgbọ́n kò gbóná tó láti rọ ẹ̀wà. Igi tó wà lókè yẹn sì kéré débi pé ìtìjú ló jẹ́ láti fi wákàtí mẹ́rin dáná lórí ọ̀rọ̀ ikùn.

Nísàlẹ̀ la ń jẹ ẹ̀wà báyìí, lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Lókè, gàrí ni, èlùbọ́ ni, ohun tí kò béèrè ju omi gbígbóná lọ. Ẹja gbígbẹ, ata gígún, epo pupa nínú ike tí ìdérí rẹ̀ dára, iyọ̀. Lójú ọ̀nà, kúlíkúlí, dáńkùwà àti dàbínù tí a rà ní Jalingo. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n, ohun gbígbẹ tí èèyàn kan ń jẹ lójúmọ́ nígbà tó ń gun òkè jẹ́ nǹkan bí 700 gíráàmù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò fún ọmọ yìí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀ṣọ́ igbó méjì, mẹ́fà. Alábàárù márùn-ún, mọ́kànlá. Ká fi ọjọ́ méje rọ́pò márùn-ún rẹ̀; pẹ̀lú oúnjẹ odò, ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èèyàn kan yóò jẹ kílò mẹ́fà lé díẹ̀. Gbogbo wọn, nǹkan bí kílò 70. Mi ò kì í jẹ́ kí alábàárù ru ju kílò 18 lọ. Ó kù díẹ̀ kí alábàárù mẹ́rin ru oúnjẹ nìkan, kí a tó sọ àgọ́, ìkòkò àti oògùn.

Ọmọ náà kò ka àwọn alábàárù mọ́ ẹni tó ń jẹun. Mi ò dá a lẹ́bi, èmi náà ò kà wọ́n lọ́dún kìíní. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, àwọn baba wa ti sọ ọ́. Ohun kan tún wà tí mo ka sí ẹ̀ṣẹ̀: kí èèyàn gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì fún ara rẹ̀ kó má béèrè pé kí ni alábàárù máa fi bora. Ooru ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà fún gbogbo 1,000 mítà tí a bá gùn, nítorí náà láti abúlé Gashaka dé orí Chappal Waddi, òtútù fi nǹkan bí ìwọ̀n 12 ju ara lọ, atẹ́gùn tó wà níbẹ̀ sì ń fi kún un. Àwọn ọmọkùnrin tó ń bá wa rù láti ìsàlẹ̀ máa ń wá pẹ̀lú sálúbàtà àti ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn wà nínú owó tí mo ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí mo bá mú lọ. Bí ìrìn bá parí, tiwọn ni wọ́n gbé lọ sílé.

Nípa bàtà, iná tọ́ọ̀ṣì, àpò ìsùn, àwọn ọmọ òde òní mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Kí bàtà ti gbó díẹ̀ lẹ́sẹ̀ kó tó dé òkè, mi ò ní ju ìyẹn sọ. Kí èèyàn sì gbé ẹrù rẹ̀ lé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì lọ́jà kó tó kúrò nílé. Bí tìrẹ bá ju kílò mẹ́wàá lọ, ohun kan wà níbẹ̀ tó ń rù ọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ni mo kà sí pàtàkì. Kò sí bí máàpù ṣe dára tó tí ó lè sọ ta ló ń gbé ibẹ̀. Serti ni ọ́fíìsì igbó ọba wà, ibẹ̀ la ti ń gba ìwé àti ẹ̀ṣọ́ igbó, ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń kọ ọjọ́ tí a máa padà sílẹ̀, sínú ìwé wọn àti sí bébà tí mo fi ń há ọwọ́ awakọ̀. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àjọ Africa Nature Investors ti ń bá ìjọba àpapọ̀ tọ́jú igbó náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ti pọ̀ sí i. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Síbẹ̀, kí n tó wọ mọ́tò láti Ìbàdàn, mo máa ń pe ẹni mẹ́ta tó ń gbé lágbègbè náà, tí wọn ò mọ ara wọn, mo máa ń bi wọ́n bí ọ̀nà ṣe rí àti bóyá àwọn ajínigbé wà nítòsí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ìrìn ò sí. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti dá gbogbo èèyàn padà sílé, tí mo sì dá owó wọn fún wọn. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ṣe tán láti gba èsì tí kò fẹ́.

Nínú igbó náà gan-an, àwọn Fúlàní darandaran wà tí wọ́n ti ń gbé orí òkè kí ìjọba tó sọ ọ́ di igbó ọba. Ìjọba ya ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn: Filinga, Chappal Hendu, Chappal Delam àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. "Hendu" ni wọ́n ń pe atẹ́gùn lédè wọn, ẹni tó bá sì ti sùn níbẹ̀ rí kò ní béèrè ìdí. Ọ̀nà tí màlúù wọn ń tọ̀ ló dára jù fún ẹsẹ̀ èèyàn. Màlúù kì í gun òkè ní tààrà. Ó ń yí i po díẹ̀díẹ̀, ó sì mọ ibi tí omi wà. Ìlà tí fóònù bá fà máa ń gba orí òkúta kọjá, ti màlúù ń gba ibi tí ara gbà. Bí mo bá dé ibùdó wọn, ọ̀dọ̀ Jauro, olórí wọn, ni mo kọ́kọ́ ń lọ, kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀. Iyọ̀ ni mo máa ń gbé fún un, nítorí màlúù rẹ̀, àti obì gbàǹjà. Àwọn obìnrin wọn á gbé kindirmu jáde, wàrà tó ti dì, nínú igbá. Mo ti kọ́ láti sọ "useko," tí wọ́n fi ń dúpẹ́. Bí obìnrin tó ti dàgbà bá jókòó sílẹ̀ tó mu kindirmu tán tó sì dúpẹ́ lédè wọn, ó ń ṣí ilẹ̀kùn tí ìwé ọ́fíìsì ò lè ṣí.

Orúkọ tó wà lórí máàpù kì í sì í bá ti ẹnu wọn mu nígbà gbogbo. Ilẹ̀ yẹn ti kọjá lọ́wọ́ púpọ̀. Àwọn Jámánì ló ni ín nígbà kan, àjókù ilé olódi wọn ṣì wà lórí òkè kan ní Gashaka. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní ó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àfìgbà tí wọ́n dìbò ní Oṣù Kejì 1961 ló tó di ara Nàìjíríà, ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹfà ọdún náà. Ibùdó tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ nígbà náà lè ti ṣí lọ sí ẹ̀yìn òkè kejì. Mo máa ń jókòó ti Jauro pẹ̀lú máàpù, kí ó máa fi ọ̀pá tọ́ka síwájú, kí èmi máa fi pẹ́ńsù tún un kọ.

Ìpinnu kan wà nínú ètò yìí tó máa ń dun àwọn èèyàn: ẹni tó bá ń wúkọ́ kò ní wọlé. Àwọn ìnàkí tó wà ní Gashaka, ẹ̀yà kan tí a kì í rí níbòmíràn láyé àfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni wọ́n. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni Volker Sommer, ọ̀jọ̀gbọ́n láti University College London, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Kwano ṣe ibùdó láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn. Àwọn ìnàkí náà ń ṣẹ́ igi, wọ́n ń bó o, wọ́n ń fi í wa oyin, wọ́n sì ń fi í kó ìjàlọ láti inú ihò láìjẹ́ kó bù wọ́n jẹ púpọ̀. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ ibùsùn tuntun lórí igi. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ igbó fi ń mọ ọjọ́ tí wọ́n sùn níbẹ̀. Wọ́n sún mọ́ wa débi pé òtútù àyà tiwa ń ràn wọ́n, ó sì ń pa wọ́n. Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú igbó Taï ní Côte d'Ivoire, níbi tí àrùn tó wá lára èèyàn ti pa ìnàkí.

Obìnrin kan fi ọdún kan gbáko tọ́jú owó láti bá wa lọ. Ní Serti, ní alẹ́ tó ṣáájú, mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti yàrá kejì. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Ó sunkún. Ó ní ọyẹ́ lásán ni. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dúró ní Serti, a lọ, títí di òní kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ohun kan náà ni mo máa ṣe. Èyí tó dára ni pé mo ti sọ ọ́ fún gbogbo wọn n'Íbàdàn, kí ẹnikẹ́ni tó san owó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè tí mo bi ọmọ yẹn nípa ibùdó kẹta. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún ki ẹsẹ̀ bọ ihò lábẹ́ koríko nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ láti apá Chappal Hendu. Mo gbọ́ ohùn egungun náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. A gé ọ̀pá méjì, mo tú ìró mi méjì, a so ó mọ́ ọn, a gbé e sí i. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e, àwọn mẹ́rin mìíràn ń dúró dè wọ́n, wọ́n ń pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, nítorí pé apá kò lè gbà á jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìsọ̀kalẹ̀. Nígbà tó fi di aago kan, a ò tíì rin kìlómítà mẹ́ta. Ojú bàbá náà ti funfun. Kò pariwo. Ó kàn ń bẹ̀ wá pé ká má bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ní gbogbo wákàtí yẹn, ẹni kan ti sáré padà sí ibùdó tí a ti sùn mọ́jú. Nígbà tí a ń gòkè lọ, lẹ́yìn iyọ̀ àti obì, mo ti bi Jauro ibẹ̀ léèrè ta ló ní ẹṣin. Ó ní ọmọ òun ní. Mo bi í bóyá ẹṣin náà gbà kí èèyàn tó ń ṣàìsàn gùn ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹṣin jẹ́jẹ́ ni, ìyá òun ló ń gùn ún. Ní nǹkan bí aago méjì, ọmọ náà dé pẹ̀lú ẹṣin. A gbé bàbá náà gùn ún, èèyàn kan lápá ọ̀tún, èèyàn kan lápá òsì. Oògùn ìrora tó wà lọ́wọ́ mi tó títí di alẹ́. Awakọ̀ ò sí ní Serti níbi tó ti lè sùn dáadáa. Mo ti sanwó fún un kó máa dúró ní Gashaka láti ọjọ́ kẹrin. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la dé ìdí mọ́tò. Ọ̀nà tí à bá fi ọjọ́ kan rìn gbà wá ní ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ó dé ilé ìwòsàn, wọ́n to egungun rẹ̀, ó ń rìn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n gbé e fún ọmọ Jauro.

Fóònù sátẹ́láìtì wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo fi pe awakọ̀ àti ọ́fíìsì, wọ́n sì gbọ́. Àmọ́ kò sí ẹni tí mo lè pè tó máa fò wá gbé e. Ẹṣin ni ìdáhùn, iyọ̀ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ló sì mú ẹṣin wá.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ yẹn láàárín ọ̀sán kan àti ìrọ̀lẹ́ kan. Mo gbé èbà síwájú ẹ̀, ó ń jẹun, ó ń kọ̀wé. Nígbà tó yá, ó pa ìlà pupa náà rẹ́ fúnra rẹ̀. A mú bébà, a kọ ojú ọ̀nà tí mọ́tò lè dé sí òkè bébà, a wá ń sún ibùdó lọ láti ibẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí a kọ láìkọ wákàtí ìpadà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún rẹ̀ di méje, mẹ́sàn-án bí a bá fi ọjọ́ méjì ti odò kún un. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní rí ìsinmi tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì dùn ún. Ṣóńṣó Chappal Waddi ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kọ aago kan sí i: bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù tí wọn ò tíì débẹ̀, wọ́n á yíjú padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè mí lálẹ́. Mo gbọ́ bébà tó ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bi mí nípa bàtà, kò bi mí nípa ẹranko. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "ní ibùdó kẹta yẹn, ta ló ní ẹṣin?"